Adójútòfò ilẹ̀ ríri ti ìjọba New Zealand: èrò èmi tí mo ti gbà á rí

Láti ìgbà tí mo ti sọ pé mo ra ilé ní Lower Hutt, ìlú kan lẹ́bàá Wellington ní New Zealand, ni ẹ ti ń bi mí bóyá owó tí wọ́n ń yọ fún ìjọba lórí adójútòfò ilé kì í ṣe owó àdánù. Kì í ṣe owó àdánù. Mo ti gba tèmi rí.

Òru ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá ọdún 2016 ni. Aago méjìlá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìṣẹ́jú méjì kọjá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tibi iṣẹ́ dé, aṣọ nọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́rùn mi. Ní Ìbàdàn tí wọ́n ti bí mi, bí ilé bá mì, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń kọjá. Ti òru yẹn kọ́kọ́ rọra bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá ń fì wá síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni ń ku gàrí. Mo kó àwọn ọmọ mi méjèèjì sábẹ́ tábìlì, mò ń ké pe Olúwa. Mo gbọ́ gbì lórí òrùlé: ọ̀nà èéfín tí wọ́n fi bíríkì mọ ti wó. Àgbàlagbà tọkọtaya kan láti Petone, létí òkun, sá wá sọ́dọ̀ wa nítorí súnámì, ìgbì òkun ńlá tí ilẹ̀ ríri máa ń rú sókè, wọ́n sì wà pẹ̀lú wa títí ilẹ̀ fi mọ́. Kaikōura, orúkọ ìlú kan níbẹ̀, ni wọ́n fi sọ ilẹ̀ ríri náà. 7.8 ni agbára rẹ̀, ènìyàn méjì ló kú.

Adójútòfò tí mò ń sọ yìí, àwa ń pè é ní EQC (Earthquake Commission, àjọ ìjọba lórí ilẹ̀ ríri) nígbà náà. Láti ọdún 2024, Natural Hazards Commission Toka Tū Ake ni orúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ ríri tó ṣẹlẹ̀ ní Wairarapa ní 1942 ló jẹ́ kí ìjọba dá a sílẹ̀. Ilẹ̀ ríri àti ogun nìkan ló wà nínú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n wá ń fẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀: òkè oníná wọ̀ ọ́, ilẹ̀ yíya wọ̀ ọ́, súnámì wọ̀ ọ́, àti omi gbígbóná tó ń tú jáde láti abẹ́ ilẹ̀ bíi ti ìlú Rotorua. Òfin ọdún 1993 ló yọ ogun kúrò. Ti òkè oníná yẹn ni ẹ má fojú kéré o. Orí òkè oníná tó lé ní àádọ́ta ni ìlú Auckland jókòó lé, òkè oníná Ruapehu sì bú ní 1995 àti 1996. Èmi ò gbà pé oníṣòwò kan máa fi tọkàntọkàn ṣe onídùúró irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò bá sí ìjọba lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ ò ní lọ rà á níbì kankan. Bí adójútòfò ilé yín bá ti ní ti iná nínú, ó ti wà níbẹ̀: ní 2022, sẹ́ǹtì 16 ni wọ́n fi sí lórí dọ́là 100 kọ̀ọ̀kan iye tí ẹ fi dójútòfò ilé náà, kò sì ju dọ́là 480 lọ lọ́dún, láìka GST (owó orí ọjà). Iye kan náà ni gbogbo orílẹ̀-èdè ń san, ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ ń mì àti ẹni tí tirẹ̀ kì í mì. Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìyá mi ṣe ń dá owó ẹgbẹ́ lọ́jà: aláta àti aláṣọ, iye kan náà, ẹni tí iná bá jó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni wọ́n máa kó o fún. Bí owó inú àpò náà bá sì tán, ìjọba gbọ́dọ̀ fi kún un.

Ó sì ti tán rí. Nǹkan bíi bílíọ̀nù 6 dọ́là ló wà níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mì ní ìlú Christchurch ní 2010 àti 2011. Ènìyàn 185 ló kú lọ́jọ́ 22 oṣù kejì ọdún 2011, owó yẹn sì lọ lórí àtúnṣe. Ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n tún ṣe láìdáa, tí wọ́n tún padà tún ṣe. Ìwádìí tí Dame Silvia Cartwright, gómìnà àgbà New Zealand tẹ́lẹ̀, darí sọ ọ́ lójú gbogbo ayé ní 2020 pé àjọ náà kò múra sílẹ̀ fún nǹkan ńlá bẹ́ẹ̀.

Ní tèmi, ilé-iṣẹ́ adójútòfò tí mo ń bá ṣe ló bójú tó o dípò EQC. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ọkùnrin tí wọ́n rán wá lo ogún ìṣẹ́jú. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó gun àjà wò, ó ní kò sí àkàbà nínú ọkọ̀ òun. Dọ́là 3,900 ni wọ́n kọ wá. Inú bí mi gan-an. Mo fowó ara mi pe kápẹ́ńtà, ó gòkè, igi àjà méjì ti là! Ó ya fọ́tò 31. Nígbà tí mo fi í ránṣẹ́, dọ́là 8,640 ni wọ́n san, lẹ́yìn tí wọ́n yọ 200 tí onílé gbọ́dọ̀ dá fúnra rẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n àti àwo mi tó fọ́ náà, wọ́n sanwó rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ẹ̀dùn ọkàn mi wà. Ìjọba ti gbé ohun tó lè san lórí ilé kan sókè, láti dọ́là 100,000 sí 150,000 ní 2019, ó di 300,000 ní 2022. Ó dára, mo kí wọn. Ṣùgbọ́n ní 2019 kan náà ni wọ́n yọ ẹrù inú ilé kúrò pátápátá. Ayálégbé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé, tó ra bẹ́ẹ̀dì àti fíríìjì pẹ̀lú owó oṣù àkọ́kọ́ rẹ̀, kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ ìjọba mọ́, àfi kó ra tirẹ̀ lọ́dọ̀ aládàáni. Kí wọ́n dá a padà. Onílé tí kò sì ra adójútòfò rárá, kò ní rí kọ́bọ̀ gbà.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ilé ní Christchurch, kí lọ́yà yín kọ́kọ́ gba ìwé gbogbo àtúnṣe tí EQC ti ṣe sí i lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kí ẹ sì mú ẹni tó lè wọ abẹ́ ilé dání kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun.