Boxer tuntun, wáráńtì àti ènì: ohun tí mo sanwó fún àti ohun tí mo fi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù

Olùkọ́ ni mí. Mọ́níyà ni mò ń gbé, ilé ìwé tí wọ́n gbé mi lọ sì wà ní abúlé kan lẹ́yìn Ìjàyè, lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn. Títì ńlá yẹn ti dára báyìí, ṣùgbọ́n téèyàn bá ti yà wọ inú igbó, ilẹ̀ pupa ni, bí òjò bá sì rọ̀, ẹrẹ̀ ni. Owó ọ̀kadà tí mò ń san lójoojúmọ́ ti fẹ́ sọ owó oṣù mi di àlọ. Ìyẹn ló gbé mi lọ ra máṣìn Bajaj Boxer BM 100 tuntun ní Ìbàdàn lọ́dún tó kọjá. Mo ti gùn ún la ẹ̀ẹ̀rùn já, mo ti gùn ún wọ inú òjò.

Mi ò ní pẹ́ lórí máṣìn fúnra rẹ̀. Ta ni kò mọ Boxer? Àwọn ará Íńdíà ló ṣe é, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fi díẹ̀ dín ní 100 cc, jíà mẹ́rin ló ní, atẹ́gùn ló ń tù ú, a kì í bu omi sí i. Mo yẹ TVS HLX náà wò, ìjókòó rẹ̀ tù mí lára gan-an, ṣùgbọ́n mẹkáníìkì tó wà lẹ́bàá ilé ìwé wa, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ìbejì, mọ Boxer bí ẹni mowó, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì kún ọjà Àgódì Gate n'Íbàdàn bámúbámú. Èyí tí mo rà, ẹsẹ̀ la fi ń ta á. Ẹni tó bá ró ìró kò lè ta á bó ṣe yẹ, nítorí náà ṣòkòtò ni mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, mo ń ró ìró mi nígbà tí mo bá débẹ̀. Epo tí mò ń rà sí i kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó tí mò ń san tẹ́lẹ̀. Ó tán lórí máṣìn.

Ohun tó mú mi jókòó kọ èyí ni wàhálà tó máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí èèyàn bá ti sọ pé "Ó dáa, màá mú un." Owó máṣìn nìkan ti lé ní mílíọ̀nù kan náírà, àmọ́ ẹnu ibẹ̀ gan-an ni ọjà ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á. Ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ojú mi.

"Mọ́mì, ta ló fẹ́ gùn ún? Ṣé Dádì ń bọ̀ ni?"

"Èmi ni màá gùn ún."

"Háà! Ẹ óò nílò gbogbo rẹ̀ nìyẹn o."

"Gbogbo rẹ̀" tó wí yìí: àfikún wáráńtì ọdún kejì, bọ́ńpà (irin tó ń dáàbò bo ẹsẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì), káríà, ìbòrí ìjókòó, aláàmù, trákà (èyí tó ń fi ibi tí máṣìn wà hàn), iye owó kan ṣoṣo sì ni wọ́n dá lé gbogbo rẹ̀ lórí. Mo ní kó tú u palẹ̀ fún mi, kó kọ ohun kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye rẹ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe ń tà á nìyẹn. Mo ní èmi kì í rà á bẹ́ẹ̀. Ó wọlé lọ bá ọ̀gá rẹ̀, ó sì kọ ọ́ wá. Ẹ ṣáà má gba iye àpapọ̀. Nígbà tí mo rí i lẹ́yọ lẹ́yọ ni mo rí i pé ìbòrí ìjókòó àti aláàmù nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó àṣíborí gidi kan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ wáráńtì, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Wáráńtì kan wà tó bá máṣìn wá, èèyàn kì í san kọ́bọ̀ lé e. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn, mo ka ìwé náà tán. Àṣìṣe tó bá ti ọwọ́ àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì àti jíà wá ni wọ́n máa tún ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, láàárín iye oṣù kan tàbí iye kìlómítà kan, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Ẹ wá wo ohun tí wọn kò ní fọwọ́ kàn: búréèkì, àwo kilọ́ọ̀ṣì, ṣéènì àti eyín tó ń wọ́ ọ, táyà, túbù, gílóòbù, púlọ́ọ̀gì, fíúùsì. Ohun tí ọ̀nà tiwa máa ń jẹ ni wọ́n kà sílẹ̀ yẹn láti òkè délẹ̀. Mi ò bá wọn jà, bẹ́ẹ̀ ni ìwé wáráńtì máṣìn ṣe máa ń rí níbi gbogbo, ohun tí lílò ń jẹ kì í sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń ta á fún yín bá ń sọ pé "ohunkóhun tó bá ṣe é, ẹ gbé e wá," ẹ ní kó fi ìka tọ́ ibi tí "ohunkóhun" wà nínú ìwé.

Àwọn ohun tó lè ba wáráńtì náà jẹ́ tún wà lójú ewé kejì, níbi tí lẹ́tà ti kéré: ẹrù tó ju bó ṣe yẹ lọ, kí ẹlòmíì tú ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n gé wáyà, kí èèyàn má gbé e wá fún sáfíìsì lásìkò. Ẹni tó bá fẹ́ fi kérò, kó béèrè tààrà bóyá ìwé náà gba iṣẹ́ ọ̀kadà, kó sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wáráńtì ló ya ìlò ilé sọ́tọ̀ kúrò lára ìlò owó.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ wáyà gígé yẹn ni kò jẹ́ kí n ra aláàmù. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ra máṣìn ní ṣọ́ọ̀bù kan, wọ́n ta aláàmù fún un, wọ́n sì bá a so ó mọ́ ọn. Kò pẹ́ tí iná iwájú máṣìn kò fi tàn mọ́. Ó gbé e padà lọ, wọ́n ṣí ìjókòó, wọ́n ní "Ẹ wò ó, wọ́n ti gé wáyà níbí, wáráńtì ti bàjẹ́." Àwọn tó gé e náà ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o! Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe jẹ́ kó sanwó.

Àfikún ọdún kejì ńkọ́? Mo kọ̀ ọ́. Àṣìṣe tó bá wà lára ẹ́ńjìnnì láti ilé iṣẹ́, ìgbà tó bá ṣì tuntun ló sábà máa ń jáde. Lọ́dún kejì, ṣéènì, búréèkì àti táyà ni yóò máa pe owó, ìwé yẹn kò sì mọ̀ wọ́n rí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kí wáráńtì tó lè dúró títí ọdún kejì, ọ̀dọ̀ wọn nìkan ni mo gbọ́dọ̀ máa gbé e lọ. Láti Ìjàyè! Kí n gba àyè níbi iṣẹ́ torí ọ́ìlì tí Bàbá Ìbejì lè pààrọ̀ kí aago ìsinmi ọ̀sán tó lù? Ẹni tó ń gbé nítòsí ṣọ́ọ̀bù, tí kò sì ní mẹkáníìkì tó fọkàn tán, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lè yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n sáfíìsì ọ̀fẹ́ tó wà nínú ìwé kékeré tó bá máṣìn wá, ẹ má jẹ́ kó ṣòfò. Èyí àkọ́kọ́ ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ, ó sì máa ń bọ́ sí bíi kìlómítà 500 sí 750. Irin tuntun ń ha ara wọn nínú ẹ́ńjìnnì, èérún rẹ̀ ń bọ́ sínú ọ́ìlì. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí èyí tí wọ́n fà jáde. Nínú abọ́ ike tí wọ́n fà á sí, oòrùn ràn sí i, mo rí i tó ń dán yẹ́ríyẹ́rí bí ẹni pé wọ́n da àtíkè aláwọ̀ wúrà sí i. Èyí ni ẹni tí kò bá tètè pààrọ̀ rẹ̀ ń fi pa ẹ́ńjìnnì. Wọ́n da ọ́ìlì 20W50 tuntun sí i, wọ́n fún bóòtù, wọ́n fa ṣéènì, wọ́n tún fáàfù gbé sí àyè rẹ̀. Dídún rẹ̀ yàtọ̀ nígbà tí mo ń gùn ún lọ sílé.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sínú ìwé náà, wọn kò kọ déètì, wọn kò kọ kìlómítà. Mo dúró. Ọ̀gá wọn ní "Mọ́mì, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, a mọ̀ yín." Mo ní "Ẹ mọ̀ mí lónìí, sà. Ẹni tí yóò jókòó síbí lọ́dún tó ń bọ̀ ńkọ́?" Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2018 ti ní kí olùtajà fún oníbàárà ní ìwé ẹ̀rí ohun tó rà, nítorí náà èèyàn kò tọrọ àánú bó bá béèrè risíìtì tó pé.

Lórí risíìtì yẹn kan náà, ẹ tẹ̀ ba kí ẹ wo nọ́ńbà ṣasí tí wọ́n gbẹ́ sí ọrùn máṣìn, nítòsí ibi tí hándù ti wọlé, kí ẹ wo ti ẹ́ńjìnnì tó wà lára irin nísàlẹ̀. Ẹ kà á ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí ohun tó wà nínú ìwé. Nínú tèmi, wọ́n ti sọ 8 kan di 3. Wọ́n ní kò ṣe nǹkan. Ó ń ṣe nǹkan! Nọ́ńbà yẹn ni wọn yóò lò ní ọ́fíìsì tí a ti ń gba nọ́ńbà ọkọ̀, òun náà sì ni ọlọ́pàá yóò bẹ̀rẹ̀ wò lójú ọ̀nà. Mo jẹ́ kí wọ́n kọ tuntun.

Àṣíborí méjì ni wọ́n fi ṣe ènì fún mi. Ènì dùn, ṣùgbọ́n ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ kí ẹ tó dúpẹ́. Mo fi àtàǹpàkò tẹ inú rẹ̀: tìmùtìmù rírọ̀ ló wà níbẹ̀, ike ló tẹ̀ lé e, ó parí. Fóòmù funfun líle tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n sínú páálí, irú rẹ̀ gan-an ló yẹ kó wà láàárín, torí òun ló máa ń fọ́ kí agbárí má baà fọ́. Ní Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2009, nígbà tí àwọn Road Safety bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọlọ́kadà tí kò dé àṣíborí, àwọn kan dé igbá, àwọn mìíràn dé ike ọ̀dà, gbogbo wa fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Èyí tí mo tẹ̀ yìí àti igbá, mi ò lè sọ èyí tó sàn jù. Mo dá méjèèjì padà, wọ́n bá mi yọ díẹ̀ kúrò lówó káríà, mo sì lọ ra èyí tó bojú pátápátá níbòmíràn, èyí tó ní àmì E nínú òbìrí pẹ̀lú nọ́ńbà 22.05 lára okùn rẹ̀, àmì pé ó bá ìlànà ààbò àṣíborí ti Yúróòpù mu. Wọ́n ń ṣe ayédèrú àmì náà, nítorí náà àtàǹpàkò ṣì ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́. Ẹ̀yin obìnrin, irun orí yín ni kẹ́ ẹ gbé lọ rà á. Ṣùkú kò lè wọ abẹ́ àṣíborí láéláé. Kòlẹ́sẹ̀ ni mò ń dì báyìí.

Bọ́ńpà ni mo rà láìjanpata, ṣùgbọ́n mo yan èyí tí páìpù rẹ̀ nípọn. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀: bí ojú ìjó bá rí wúruwùru lábẹ́ ọ̀dà, tí ihò wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Bọ́ńpà tèmi ti sanwó ara rẹ̀. Ní kọ́nà tó wọ ilé ìwé wa, lọ́jọ́ kan tí òjò rọ̀ mọ́jú, táyà iwájú yọ̀, a ṣubú sí apá òsì. Bọ́ńpà ló kọ́kọ́ kanlẹ̀, ó dá máṣìn dúró ní ìdajì, ẹsẹ̀ mi sì rí àyè yọ. Jíà kò tẹ̀, ẹ́ńjìnnì kò fara kan òkúta. Ṣòkòtò nìkan ló ya. Nínú ọjà Bódìjà, bọ́ńpà yìí a máa há èèyàn láàárín ọkọ̀, mi ò purọ́.

Káríà wúlò fún ìwé àwọn ọmọ àti àpò gàrí. Trákà kò bá mi lára mu. Ó nílò síìmù àti dátà, ó ń fa iná bátìrì lọ́sàn-án lóru, nẹ́tíwọ́ọ̀kì abúlé wa sì ń wá, ó ń lọ. Ṣéènì nínípọn àti àgádágodo ni mo rà dípò rẹ̀, mo sì ń fi kọ́kọ́rọ́ ti hándù pa.

Ọmọkùnrin yẹn tún sọ fún mi pé ìńṣọ́ránsì tí òun yóò bá mi ṣe, bí wọ́n bá jí máṣìn, wọ́n á san án. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí òfin ní kí gbogbo ọkọ̀ ní, ẹni tí ẹ bá kọlù ló ń sanwó fún, kì í ṣe ẹ̀yin. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, 3,000 náírà ni ti máṣìn lọ́dún. Ẹni tó bá gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ bi í léèrè ibi tí ìyókù ń lọ. Ẹni tó bá sì ń rò ó pé òun yóò gbé tirẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ọ̀kadà ní Èkó, kó rántí pé láti June 1, 2022 ni wọ́n ti fòfin dè é ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, tí Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Àpápá àti Etí-Ọ̀sà wà lára wọn.

Sáfíìsì ọ̀fẹ́ kan ló kù nínú ìwé mi. Mo máa gbé e lọ, màá gba òǹtẹ̀ àti déètì mi, lẹ́yìn náà Bàbá Ìbejì ló ni ín. Ó ti ń kùn pé mò ń gbé owó òun lọ fún àwọn ará ìgboro. Mo ní kó fi sùúrù sí i, kó sì lọ wá fíìlà géèjì, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àyè fáàfù, tó péye ra, torí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti dógùn-ún.