MGB tàbí Mazda MX-5 àkọ́kọ́: èwo ni kí ẹ rà tí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe nílé?

Bí ẹ bá ń gbé Ìlú Ọba, tí ẹ sì ń wá ọkọ̀ sports àtijọ́ tí ẹ lè fọwọ́ ara yín tún ṣe nínú gáréèjì, orúkọ méjì lẹ óò máa gbọ́ jù: MGB, àti Mazda MX-5 tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Oníjòkòó méjì ni wọ́n, rúùfù wọn ṣeé ká, táyà ẹ̀yìn ló ń tì wọ́n, ẹ̀yà ara wọn sì wà lọ́jà. Lójú tèmi, ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ àtúnṣe gan-an ni MGB tọ́ sí. Ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ díẹ̀ kó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ jáde lọ́jọ́ Sátidé, MX-5 ni tiẹ̀. Ṣùgbọ́n èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ara ọkọ̀ ni kí ẹ rà, ẹ má ra ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì tó kú kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin abẹ́ ilẹ̀kùn tó ti jẹrà.

Abingdon, nítòsí Oxford, ni wọ́n ti ṣe MGB láti 1962 sí 1980, ó sì lé ní ìdajì mílíọ̀nù. Ẹ́ńjìnnì 1798cc pẹ̀lú kábúrétọ̀ SU méjì lẹ óò bá nínú èyí tó pọ̀ jù ní Ìlú Ọba. GT, tó ní rúùfù irin, dé ní 1965. Láti ìparí 1974 ni wọ́n ti fi bọ́ńpà rọ́bà dúdú sí i, tí wọ́n sì gbé e sókè nítorí òfin Amẹ́ríkà. Àwọn yẹn ni owó wọn máa ń rọjú jù, wọn ò sì le láti tún ṣe ju àwọn yòókù lọ. MX-5 ní tirẹ̀ kọ́kọ́ yọjú ní Chicago ní 1989, ó dé Ìlú Ọba ní 1990, ti àkọ́kọ́ yìí, tí iná iwájú rẹ̀ máa ń yọ sókè látinú bọ́nẹ́ẹ̀tì, sì parí ní 1997. Ẹ óò tún rí èyí tí wọ́n kọ Eunos Roadster sí lára. Ọkọ̀ kan náà ni, Japan ni wọ́n ti kó o wá ní tọ́kúnbọ̀.

Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù, ẹ kọ́kọ́ ka èyí

Láti August 2023 ni ULEZ, agbègbè tí ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ pọ̀ ti ń sanwó, ti kárí gbogbo Lọ́ńdọ̀nù. MX-5 àkọ́kọ́ kò dé ojú ìwọ̀n èéfín tí wọ́n ń béèrè, nítorí náà £12.50 ni ẹ óò máa san lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gbé e jáde, àfi ọjọ́ Kérésìmesì. MGB kì í san án, torí ọkọ̀ tó bá ti lé ní ogójì ọdún, tí wọ́n sì ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ìtàn, bọ́ lọ́wọ́ ULEZ, ó bọ́ lọ́wọ́ owó orí títì, kò sì pọn dandan kó ṣe MOT, ìyẹn àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún, mọ́ bí wọn ò bá tíì yí i padà lọ́nà ńlá. Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn MX-5 kò ní pé ogójì ọdún títí di 2029. Bí ẹ bá ń gbé Peckham tí ẹ sì fẹ́ máa wa ọkọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, owó yẹn á ti ra ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara kí ọdún tó parí. Ẹni tó ń gbé níta Lọ́ńdọ̀nù, tí kì í sì wa ọkọ̀ rẹ̀ wọ ibẹ̀, kò ní san ULEZ.

Ìpẹtà

MGB kò ní ṣáńsí ọ̀tọ̀. Irin abẹ́ ilẹ̀kùn, tí àwọn wẹ́dà ń pè ní sill, ló di iwájú mọ́ ẹ̀yìn, ó sì ní ìpele-ìpele nínú. Ti òde lè máa dán gbinrin kí ti inú ti di ìyẹ̀fun, torí ó rọrùn fún ẹni tó fẹ́ tà á láti lẹ irin pẹlẹbẹ tuntun mọ́ ti òde, kó kùn ún lọ́dà, kó sì pè é ní ọkọ̀ tí wọ́n ti tún ṣe. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín ẹ̀yìn ilẹ̀kùn àti ara ọkọ̀. Ó yẹ kó dọ́gba látòkè délẹ̀. Bó bá há lókè tó fẹ̀ nísàlẹ̀, ọkọ̀ náà ti ń tẹ̀ láàárín. Lẹ́yìn èyí, ẹ ní kí olówó ọkọ̀ fi jáàkì gbé e sókè lójú jáàkì rẹ̀, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ tún tì í. Bí ilẹ̀kùn bá há, tí kò fẹ́ tì mọ́, sill ti lọ nìyẹn. Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré tí ẹ fi aṣọ wé dání, kí ẹ máa fi kan ìsàlẹ̀ ara ọkọ̀ yíká. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, pọ́tì ló wà lábẹ́ ọ̀dà yẹn.

Ẹni tó ní ẹ̀rọ wẹ́dìn MIG, tó sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó dáadáa, lè pààrọ̀ sill nílé. Ẹ fi ọ̀pá irin dábùú ojú ilẹ̀kùn kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ parí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ tó fọwọ́ kan èkejì, kí ẹ sì máa ti ilẹ̀kùn wò bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ẹni tó bá gé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà láìfi ọ̀pá dè é, ọkọ̀ á wọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sì ní tọ́ mọ́. Fún èyí tó ti jẹrà kọjá àtúnṣe, British Motor Heritage ní Witney ṣì ń ṣe odindi ara MGB tuntun láti 1988. Owó gọbọi ni, ṣùgbọ́n mélòó ni ọkọ̀ àtijọ́ tí ẹ lè rí irú rẹ̀ fún?

Ìpẹtà MX-5 ń bẹ̀rẹ̀ látinú. Òjò tó bá rọ̀ sórí rúùfù aṣọ rẹ̀ ń ṣàn gba ihò méjì lẹ́yìn ìjókòó, ó ń gba inú ara ọkọ̀ kó tó jáde lábẹ́, níwájú táyà ẹ̀yìn. Bí ewé àti ìdọ̀tí bá dí ihò yìí, omi á dúró síbẹ̀, á sì máa jẹ sill láti inú síta. Nítorí náà, ẹ gbé ife omi lọ bí ẹ bá ń lọ wo MX-5. Ẹ rọra dà á sí igun ibi tí rúùfù ti bẹ̀rẹ̀ sí í ká, kí ẹnìkejì yín bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́. Ó yẹ kí omi jáde kíákíá. Bó bá ń kán tó-tó-tó, tàbí tí kápẹ́ẹ̀tì bá tutù, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ irin tó wà níwájú táyà ẹ̀yìn, ẹ óò gbọ́ bó ṣe ń fọ́ wẹ́wẹ́ lábẹ́ ọ̀dà. Kò dára, ṣùgbọ́n ó kéré sí ti MGB: ibi kan náà ló sábà máa ń jẹ, irin tí wọ́n ti gé sílẹ̀ fún un sì wà fún títà. Eunos tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Japan sábà máa ń mọ́ jù, torí kò tíì fi bẹ́ẹ̀ mọ iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì nígbà òtútù.

Bí ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò sítáàtì

Ẹni tó bá ti dúró ti mẹ́káníìkì tó ń tún Volkswagen Ìjàpá ṣe rí nílé á mọ ojú MGB lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: kábúrétọ̀, kọ́ńtáàkì, kọ́ìlì, pílọ́ọ̀gì, kò sí kọ̀ǹpútà kankan. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ títí iná á fi tàn, ẹ má tíì sítáàtì, kí ẹ tẹ́tí sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Pọ́ọ̀ǹpù epo SU á dún tá-tá-tá, á sì dákẹ́ nígbà tí epo bá kún kábúrétọ̀. Bí kò bá dún rárá, iná ò dé ibẹ̀, tàbí kọ́ńtáàkì inú rẹ̀ ti lẹ̀ pọ̀. Ẹ fi ìdí súkúrúdíráfà rọra gbá a. Bó bá dáhùn, ẹ ti mọ ohun tí ẹ óò pààrọ̀. Bó bá ń dún láìdákẹ́, táńkì ti gbẹ, tàbí epo ń jò síbì kan. Lẹ́yìn pọ́ọ̀ǹpù, ó kan kọ́ńtáàkì inú disitíríbútọ̀, tí àlàfo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 0.38 mm.

Kábúrétọ̀ SU ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí ẹ fi píìnì kékeré tó wà lára kábúrétọ̀ gbé písítìnì inú rẹ̀ sókè díẹ̀, kó má tó mìlímítà kan. Bí ẹ́ńjìnnì bá sáré sókè, epo ti pọ̀ jù. Bó bá fẹ́ kú lójú ẹsẹ̀, epo kéré. Bó bá gbéra díẹ̀ tó sì padà sáyè rẹ̀, ó ti dọ́gba, ẹ lọ sórí èkejì. Etí yín nìkan lẹ óò fi ṣe é. Ẹ ṣọ́ra lórí iná MGB tí wọ́n ṣe kí 1967 tó parí: positive bátìrì ni wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀, ẹni tí kò mọ̀ á sì jó rédíò rẹ̀ nígbà tó bá ń so ó.

MX-5 ní kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n wáyà kékeré kan ló fi ń sọ̀rọ̀. Lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, àpótí kan wà tí wọ́n kọ DIAGNOSIS sí lórí. Ẹ fi wáyà so ihò tí wọ́n kọ TEN sí mọ́ èyí tí wọ́n kọ GND sí, kí ẹ yí kọ́kọ́rọ́ síbi iná. Iná ẹ́ńjìnnì á máa ṣẹ́jú: gígùn dúró fún mẹ́wàá, kúkúrú fún ẹyọ kan. Gígùn kan àti kúkúrú márùn-ún jẹ́ 15, ìyẹn sẹ́ńsọ̀ oxygen. Àwọn kan tí wọ́n tà ní Yúróòpù kò ní iná yìí lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ óò so LED kékeré mọ́ àpótí náà fúnra yín.

Bí ẹ bá rí ọ́ìlì lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì MX-5, ẹ má tíì gbà pé gíà ló máa sọ̀ kalẹ̀. Rọ́bà róbótó kékeré kan wà lára sẹ́ńsọ̀ tó wà lẹ́yìn orí ẹ́ńjìnnì. Ó máa ń gbó, ọ́ìlì á sì ṣàn gba ibẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀. Pọ́n-ùn díẹ̀ ni rọ́bà náà. Bẹ́ẹ̀tì tímìnì pàápàá, bó bá já, fáàfù kì í gbá písítìnì. Ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù wà nínú ẹ́ńjìnnì 1.6 lítà àkọ́kọ́, títí wọ 1991: ìka iwájú kíráńkì wọn kúrú, ibi tí púlì ti jókòó sì máa ń jẹ. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí púlì ìsàlẹ̀. Ihò mẹ́rin lára rẹ̀ jẹ́ ti kúkúrú, mẹ́jọ jẹ́ ti gígùn. Bí ti oníhò mẹ́rin bá ń mì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ẹ wá òmíràn.

Àwọn kan á ní kí ẹ ra Porsche 944 láti Jámánì dípò méjèèjì. Ó dára láti wà, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀tì tímìnì rẹ̀ tó bá já á tẹ fáàfù, iye ẹ̀yà ara rẹ̀ sì jẹ́ ti Porsche.

Epo E5 ni kí ẹ máa rà fún MGB àti MX-5, torí E10, epo tí ethanol inú rẹ̀ pọ̀ ju ti E5 lọ, tó gbòde láti 2021, máa ń jẹ rọ́bà àtijọ́. Ẹ má ṣe fẹ́ eruku bíréèkì MGB pẹ̀lú ẹnu tàbí ẹ̀rọ, asbestos lè wà nínú rẹ̀.

Ìtàn MOT gbogbo MX-5 wà lórí ìkànnì ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́: ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ wá a, kí ẹ máa wo ibi tí wọ́n ti kọ corrosion, ọdún wo ló bẹ̀rẹ̀, àti bóyá ẹnikẹ́ni tún un ṣe. MGB lè má tíì rí MOT láti 2018, torí òfin kò béèrè rẹ̀ mọ́. Ẹ bẹ ẹni tó ń tà á pé kó jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ ṣe MOT, ẹ̀yin lẹ óò sanwó. Bó bá kọ̀, ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún un.