Ìfiwéra àwọn oògùn apàrora ọlọ́jọ́ pípẹ́ fún ológbò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ

Ẹni tí ó bá gbé ológbò rẹ̀ lọ fún iṣẹ́ abẹ ní Ilé-Ifẹ̀, yálà kí wọ́n yọ ilé ọmọ abo ni tàbí kí wọ́n tẹ akọ lọ́dàá, a máa béèrè iye tí iṣẹ́ abẹ náà yóò ná òun, ṣùgbọ́n kì í sábà béèrè irú oògùn tí wọn yóò fi pa ìrora ẹranko náà fún ọjọ́ mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e. Àwọn kan tilẹ̀ gbà pé kò nílò rẹ̀ rárá: ẹ̀yìn ológbò kì í balẹ̀, wọ́n á ní, ṣé ẹ kò rí i bí ó ṣe ń rìn kiri inú ilé ni? Rírìn kọ́ ni àìsí ìrora. Ẹranko tí ń fi àìlera rẹ̀ pamọ́ ni ológbò, èyí tí ó bá sì ká jọ sí abẹ́ àga tí kò wojú oúnjẹ ti sọ tẹnu rẹ̀.

Oògùn ọlọ́jọ́ pípẹ́ tí mo fẹ́ fi wéra ni èyí tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan tí agbára rẹ̀ ń wà lára fún ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iye wákàtí ni òǹtajà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ní tèmi, ìbéèrè tí ó yẹ kí ó ṣáájú ni pé, ibo nínú ara ni oògùn náà ń fi ṣe ibùgbé ní gbogbo wákàtí wọ̀nyẹn? Inú awọ ni, ojú ọgbẹ́ ni, inú ẹ̀jẹ̀ ni, tàbí inú ẹran ara tí ó wú? Ìdáhùn yìí ni ó ń sọ ẹni tí ó lè lò ó fún ológbò, bóyá ẹ lè mú un lọ sílé, àti bóyá ó ṣeé dá dúró bí ara ẹranko bá kọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yọ oògùn ènìyàn kúrò nínú ọ̀rọ̀. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò ní agbára tí tiwa ní láti tú parasítámọ̀ palẹ̀, nítorí náà oògùn náà a máa ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ débi pé kò ní lè gbé atẹ́gùn káàkiri ara mọ́. Hóró kan ṣoṣo lè pa á. Ibuprofen àti diclofenac náà léwu fún un. Meloxicam ni ó ń tan ènìyàn jẹ jù, nítorí pé èyí tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì ní Lágéré àti èyí tí dókítà ẹranko ń lò, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Hóró ti ènìyàn tí ó wọ́pọ̀ jẹ́ mílígíráàmù 7.5. Ìwọ̀n ojoojúmọ́ tí wọ́n ń fún ológbò ní Yúróòpù lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ jẹ́ mílígíráàmù 0.05 fún kílò kan, ìyẹn 0.2 fún ológbò tí ó wọn kílò 4. Ẹni tí ó bá dá hóró ènìyàn sí méjì, tí ó rò pé òun ti ṣọ́ra, ti fún ẹranko rẹ̀ ní ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 19.

Meloxicam àti robenacoxib

Ìdílé kan náà ni àwọn méjèèjì: wọ́n ń dá èròjà ara tí ń mú kí ojú ọgbẹ́ wú, kí ó gbóná, kí ó sì máa ro, dúró. Inú ẹ̀jẹ̀ gan-an ni meloxicam ti ń pẹ́, ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ kan fi ń ṣiṣẹ́ di ọjọ́ kejì. Ní Amẹ́ríkà, abẹ́rẹ́ ẹyọ kan péré ni wọ́n fọwọ́ sí fún ológbò, mílígíráàmù 0.3 fún kílò kan, kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀, láti ọdún 2010 ni ìkìlọ̀ líle sì ti wà lára páálí rẹ̀ níbẹ̀ pé lílò ó léraléra ti ba kíndìnrín àwọn ológbò jẹ́, ó sì ti pa àwọn mìíràn. Ní Yúróòpù, abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kéré sí i, mílígíráàmù 0.2 fún kílò kan, wọ́n sì gbà kí ẹni tí ó ni ẹranko máa kán oògùn olómi sí i lẹ́nu nílé fún ọjọ́ mélòó kan.

Robenacoxib gba ọ̀nà mìíràn, ọ̀nà náà sì wù mí. Láàárín wákàtí mélòó kan ni ó ti ń tán nínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń lẹ̀ mọ́ pùròtéènì, pùròtéènì sì ń ṣàn lọ sí ibi tí ó wú, nítorí náà ojú ọgbẹ́ ni ó ń pẹ́ sí nígbà tí ìyókù ara ti ń sinmi. Hóró mílígíráàmù 6 ni, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ ní ìlànà Amẹ́ríkà, fún ológbò tí ó ti pé oṣù mẹ́rin tí ó sì wọn kílò 2.5 ó kéré tán. Bí ológbò bá ń bì tàbí tí ó kọ oúnjẹ, ẹ lè dá hóró ti ọ̀la dúró kí ẹ sì pe dókítà; abẹ́rẹ́ tí ó ti wọlé kò ṣeé fà yọ. Bí ẹ bá rí i rà, òun ni kí ẹ mú nínú àwọn méjèèjì. Bí ó bá sì jẹ́ pé abẹ́rẹ́ meloxicam nìkan ni dókítà yín ní, ẹyọ kan tí a wọ̀n dáadáa sàn ju òfo lọ. Ológbò tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá ṣáká, tàbí tí omi ti gbẹ lára rẹ̀, kò gbọdọ̀ fẹnu kan èyíkéyìí nínú wọn láìjẹ́ pé dókítà yẹ̀ ẹ́ wò.

Simbadol àti Zorbium

Buprenorphine, ìbátan mọ́fíìnì, ni ó wà nínú àwọn méjèèjì. Kì í ṣe ojú ọgbẹ́ ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Inú ọpọlọ àti ògóró ẹ̀yìn ni ó ti ń dí ọ̀nà tí ìrora ń gbà, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ gírígírí. Kì í bá kíndìnrín jà bí ti ìdílé àkọ́kọ́, nítorí náà òun ni kí ẹni tí ológbò rẹ̀ ti dàgbà kọ́kọ́ béèrè. Simbadol, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2014, jẹ́ abẹ́rẹ́ abẹ́ awọ tí agbára rẹ̀ ń tó wákàtí 24, wọ́n sì lè gún un fún ọjọ́ mẹ́ta. Zorbium, tí wọ́n fọwọ́ sí níbẹ̀ ní ọdún 2022, kò ní abẹ́rẹ́. Wọ́n ń kán an sí awọ ẹ̀yìn ọrùn ní wákàtí kan sí méjì ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Yóò gbẹ, oògùn yóò fara pamọ́ sínú awọ, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa sun díẹ̀díẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ike kékeré, mìlílítà 0.4, wà fún ológbò kílò 1.2 sí 3. Ike mìlílítà 1 wà fún èyí tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ títí dé kílò 7.5.

Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń lo àwọn méjèèjì, a kì í fún yín lọ sílé. Nítorí náà, ẹni tí ó ti Iléṣà gbé ológbò wá sí Ifẹ̀ yóò ná ọ̀nà náà ní ọjọ́ mẹ́ta fún Simbadol, tàbí kí ó fi ẹranko sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbé ológbò wọ mọ́tò rí mọ irú igbe tí mo ń sọ. Zorbium gbà yín lọ́wọ́ ìyẹn, ṣùgbọ́n ohun tí ó ti wọnú awọ ti wọ̀ ọ́ nìyẹn, bí ara ológbò bá gbóná tàbí tí ó sùn jù, kò sí bí a ṣe lè dá a dúró ní ọjọ́ kejì bí a ti lè ṣe pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan ibẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ojú ológbò tí ó gba buprenorphine a máa là rekete fún ọjọ́ mélòó kan, ológbò náà a sì máa fara nu ògiri bí ẹni tí inú rẹ̀ dùn jù. Ní ilẹ̀ wa tí a ti ń fi ológbò pe àjẹ́, ẹ tètè sọ fún ará ilé pé oògùn ni.

Àwọn yòókù

Nocita jẹ́ bupivacaine, oògùn tí ń mú ojú kan kú tipiri, tí wọ́n dì sínú àwọn àpò ọ̀rá tí ojú lásán kò lè rí. Bí àpò wọ̀nyí ṣe ń tú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó fi ń tó wákàtí 72. Oníṣẹ́ abẹ ni ó ń gún un sí ibi tí ó yẹ. Inú òtútù ìwọ̀n 2 sí 8 Celsius ni ìgò tí a kò tíì ṣí gbọ́dọ̀ wà, nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ohun tí fíríìjì wọn ń ṣe nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Fentanyl, ìbátan mọ́fíìnì mìíràn, tí a ń lẹ̀ mọ́ awọ a máa pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọmọdé sì lè ṣí i fi sẹ́nu. N kò ní gbé e wọ ilé tí ọmọ wà. Abẹ́rẹ́ Solensia ń lo oṣù kan lára, ṣùgbọ́n ìrora oríkèé ara ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe ti iṣẹ́ abẹ.

Ìdílé àkọ́kọ́ àti buprenorphine lè jọ wà lára ológbò kan, nítorí pé ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀. Meloxicam àti robenacoxib kò gbọdọ̀ pàdé. Bí ilẹ̀ Amẹ́ríkà bá fọwọ́ sí oògùn, kò túmọ̀ sí pé ilẹ̀ wa ti fọwọ́ sí i, ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC lára páálí, ẹ sì sá fún ẹni tí ó bá ń ta buprenorphine láìsí ìwé dókítà. Kí ẹ tó kúrò níbi iṣẹ́ abẹ, ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀ àti aago tí wọ́n lò ó sórí ìwé, kí ó lè jẹ́ pé, bí ológbò bá kọ oúnjẹ lóru tí ẹ sáré gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà mìíràn ní Iléṣà, onítọ̀hún kò ní fi abẹ́rẹ́ kejì lé èyí tí ó ṣì wà lára rẹ̀.