Ọjọ́ Méjì ní Sirena: Àgbéyẹ̀wò Ìrìn-àjò Wa sí Igbó Ọba Corcovado

Kò sí èbúté ní Sirena, ibùdó tí ó wà létí òkun nínú igbó ọba Corcovado. Awakọ̀ yí ìdí ọkọ̀ sí etíkun, ó kọ iwájú rẹ̀ sí ìgbì, ó dúró títí ìgbì ńlá fi kọjá, lẹ́yìn náà ni ó ní kí a máa bọ́ sílẹ̀ kíá, inú omi tí ó dé orúnkún ni a sì bọ́ sí tẹrùtẹrù. Ilé-iṣẹ́ tí a sanwó fún kò sọ èyí fún wa tẹ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ ránṣẹ́ ni pé kí a mú bàtà tí ó le àti ìwé ìrìnnà dání. Wọn kò mẹ́nu ba àpò tí omi kì í wọ̀. Bí aṣọ tí mo fẹ́ fi sùn ṣe rin gbingbin nìyẹn kí n tó fojú kan ẹranko kankan. Mo kọ̀wé sí wọn nígbà tí mo padà dé, wọn kò fèsì. Mẹ́fà ni wọ́n sì ní a máa jẹ́, mẹ́sàn-án ni a bá ara wa nínú ọkọ̀.

Ẹ̀sùn mi sí wọn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé afinimọ̀nà tí wọ́n fún wa mọ iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì.

Ilẹ̀ Osa ni Corcovado wà, ní gúúsù Kosta Rika, níbi tí igbó kìjikìji ti sọ̀ kalẹ̀ títí dé etí Òkun Pàsífíìkì. Ọdún 1975 ni ìjọba sọ ọ́ di igbó ọba, láti ọdún 2014 ni kò sì ti sí àlejò tí ó lè wọ ibẹ̀ láìsí afinimọ̀nà tí ó ní ìwé àṣẹ. Kí n tó lọ, mo rò pé ọgbọ́n àtigbowó ni òfin náà. Àjèjì lójú, kò fi ríran: ní wákàtí àkọ́kọ́, ewé nìkan ni èmi ń rí, bẹ́ẹ̀ ni afinimọ̀nà wa ń gbé awò tí ó fi ń wo ọ̀nà jíjìn ka orí ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tí ó ń pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan kí a wá wo ẹyẹ tí ó bà sórí ẹ̀ka tí mo ti wò tán tẹ́lẹ̀.

Ní etí odò kan, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi igi tọ́ka sí ojú ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ìka mẹ́rin ni ti ẹsẹ̀ iwájú, mẹ́ta ni ti ẹ̀yìn. Tapir ni ó ni ín, ẹranko tí ó ṣe bọ̀kọ̀tọ̀ bí ẹlẹ́dẹ̀ ńlá, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ ìbátan ẹṣin àti àgbáńréré. Ó ní kí a má sọ̀rọ̀ mọ́. A tẹ̀ lé e jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ títí a fi bá a níbi tí ó sùn sí nínú ẹrẹ̀ lábẹ́ òjìji, tí etí rẹ̀ ń lé eṣinṣin, tí imú gígùn rẹ̀ sì ń mì díẹ̀díẹ̀ bí ọwọ́jà erin kékeré. Afinimọ̀nà náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn ju ibi tí òun dúró sí lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnìkan nínú wa ń bẹ̀ ẹ́ nítorí fọ́tò.

Ní etíkun, àwọn odídẹrẹ́ pupa ńlá ń jẹ èso lórí igi furúùtù, èépá èso ń já lu fìlà wa. Ní ẹnu odò Sirena, wọ́n kìlọ̀ pé kí a má wẹ̀ rárá, nítorí pé ọ̀nì àti ẹja àkurákudà jọ ń lo omi náà ni. Nínú irú ọ̀bọ mẹ́rin tí ó wà nínú igbó yìí, mẹ́ta ni a rí.

Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tí ó bá fẹ́ lọ ni pé kí ó sanwó fún sísùn, kí ó má ṣe gba ti àlọ àti àbọ̀ ọjọ́ kan. Àwọn tí wọ́n bá lọ tí wọ́n sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà gbọ́dọ̀ ti padà sínú ọkọ̀ nígbà tí oòrùn ṣì mú, tí ọ̀pọ̀ ẹranko sì fara pamọ́. Ibùsùn ibẹ̀ kò ní ògiri, àwọ̀n ẹ̀fọn nìkan ni ó bò wá, bàtà ẹlẹ́rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ gun orí pákó. Ooru mú gan-an. Síbẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ọ̀bọ aláriwo bẹ̀rẹ̀ sí í bú ramúramù bí ẹni pé kìnnìún ni wọ́n, àwa tí a sùn nìkan ni a sì gbọ́ ọ.

Mo fún wọn ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ọ̀kan tí mo yọ, ti ọ́fíìsì wọn ni. Nígbà tí a ń padà lọ sínú ọkọ̀, orí ni mo gbé àpò mi rù.