Èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n kọ "fún alátọ̀gbẹ" sí lára: ẹ rà á, ṣùgbọ́n ẹ wọ̀n ọ́n

Èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà inú ọ̀rá oníkíló 1 ti kún ọjà. Púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n kọ "fún alátọ̀gbẹ" àti "kò ní ṣúgà" sí lára. Oúnjẹ gidi ni èlùbọ́ yìí. Ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá ló ń kó bá èèyàn.

Lóòótọ́, wọn ò bu ṣúgà sí i. Àmọ́ nínú gírámù 100 èlùbọ́ gbígbẹ, nǹkan bíi 80 ló jẹ́ sítáàṣì, ṣúgà náà sì ni sítáàṣì ń dà nínú ara. Sítáàṣì tí kì í tètè dà wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n, ṣùgbọ́n omi gbígbóná ń sọ púpọ̀ nínú rẹ̀ di èyí tó ń tètè dà. Ẹni tó bá tìtorí "kò ní ṣúgà" jẹ òkèlè ńláńlá, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò ga, ara rẹ̀ yóò sì máa sanra sí i.

Ọ̀rọ̀ náà ò sì mọ sórí àtọ̀gbẹ. Lọ́dún 2016, IARC, ẹ̀ka tó ń rí sí ìwádìí jẹjẹrẹ ní Àjọ Ìlera Àgbáyé, ka oríṣi jẹjẹrẹ 13 tí sísanra jù ń mú kí ewu wọn pọ̀: ti ilé ọmọ, ìfun ńlá, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, àti ti ọmú lára obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá wà lára wọn. Ọ̀rá inú ikùn kì í jẹ́ kí ínsúlìn, èròjà tó ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ara á wá máa tú u jáde ní àtújù, ínsúlìn àpọ̀jù yìí sì ń ti sẹ́ẹ̀lì láti máa pọ̀ sí i. Ọ̀rá kan náà ló ń ṣe ẹ́sítírójìn, èròjà tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ọmú àti ilé ọmọ dàgbà, lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dá. Ìdí nìyẹn tó fi kan ọmú àti ilé ọmọ.

Fún ẹnì kan, ẹ fi ìwọ̀n wọn gírámù 60 èlùbọ́ àti mílílítà 180 omi. Bí omi bá hó, ẹ dín iná kù kí ẹ tó da èlùbọ́ sí i díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá dà á gìrọ́ọ́ sínú omi tó ń hó yaya, kókó ló máa ṣe. Ẹ rò ó, ẹ ta omi díẹ̀ sí i, kí ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 3. Kí ẹ̀fọ́ àti ẹja pọ̀ ju òkèlè lọ nínú àwo. Àmàlà yìí yẹ kó dúdú díẹ̀. Bó bá funfun tó sì ń fà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti po láfún mọ́ ọn.

Ibi tí a kò ní fojú fo ni bíbu, ìyẹn kí èlùbọ́ bu nítorí ọ̀rinrin. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tètè gbẹ lè ní aflatoxin, májèlé tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, iná ìdáná kì í sì í pa á tán. Ẹ fi ìka ra èlùbọ́ náà, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ń dì, tó ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ, tàbí tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC àti déètì, ẹ má rà á. Ojú kì í rí májèlé yìí, nítorí náà ilé iṣẹ́ tó ń gbẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú ẹ̀rọ tó mọ́ sàn ju sísá sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lọ.

Ìràwọ̀ 3 nínú 5. Oúnjẹ náà gba 4, àkọlé "kò ní ṣúgà" ló jẹ 1. Ẹ wọn ṣúgà ẹ̀jẹ̀ yín ní wákàtí 2 lẹ́yìn tí ẹ bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ. Bó bá ju 180 mg/dL lọ, ẹ sọ èlùbọ́ di gírámù 45 nígbà mìíràn. Ẹ má sì tìtorí rẹ̀ pa oògùn tì.