Ìwé Àṣẹ Kí Ìpìlẹ̀ Tó Jáde, tàbí Lẹ́yìn Tí Ilé Ti Dìde?

Ní Èkó, àwọn kan máa ń yọ owó ìwé àṣẹ ìkọ́lé sọ́tọ̀ kí wọ́n tó ra bùlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo: owó sọ́féè, ti ayàwòrán ilé, ti ẹnjiníà, àti èyí tí LASPPPA, àjọ ìjọba Èkó tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ náà, bá gé fún wọn, tí wọ́n ń wo bí ilé ṣe tóbi àti ohun tí a fẹ́ fi ṣe. Ó máa ń dunni, torí owó ti lọ, ògiri ò tíì hàn. Ṣùgbọ́n owó tí a mọ iye rẹ̀ ni.

Àwọn yòókù á ní kí ilé kọ́kọ́ dìde ná. Símẹ́ńtì ń gbówó lórí, mo mọ̀. Àmọ́ ẹ wo ògiri tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí pé kí iṣẹ́ dúró ládùúgbò wa: irin orí òpó ti ń dípẹtà, bíríkìlà ti gba ibòmíràn lọ. Onílé yóò san owó tí ì bá ti san tẹ́lẹ̀, yóò tún san ìtanràn. Lóòótọ́, ní 2024 ìjọba Èkó fojú fo ìtanràn fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló lè fi irú àánú bẹ́ẹ̀ ṣètò owó?

Bó bá jẹ́ àtúnṣe ni, tí ẹ fẹ́ gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé ilé ilẹ̀, ìwé tuntun lẹ óò gbà. Ọ̀dà kíkùn lásán ò bèèrè rẹ̀.