Ọkọ̀ tó ń yí Noshima ká, ẹ lọ wọ̀ ọ́ o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìtàn samurai, tẹ́ ẹ bá dé Japan ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kó mọ sí Tokyo o, ẹ wá sí ìlú Imabari kẹ́ ẹ wọ ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn yí erékùṣù Noshima ká, ibẹ̀ làwọn ìdílé Murakami, àwọn jagunjagun orí òkun, kọ́ ilé olódi wọn sí láyé ọjọ́un. Omi yẹn kì í ṣe eré rárá! Ó ń hó, ó ń yí bírí-bírí, awakọ̀ á dẹwọ́ ẹ́ńjìnnì, omi fúnra ẹ̀ á máa gbé wa lọ, gbogbo wa di irin mú gírígírí. Ẹni tí ò mọ omi yẹn, báwo ló ṣe fẹ́ bá àwọn Murakami jà? Àní lọ́dún 1576 wọ́n gbè sẹ́yìn ìdílé Mori, wọ́n ń ju ìkòkò amọ̀ tí wọ́n ki ẹ̀tù sí sínú ọkọ̀ Oda Nobunaga, ọ̀gágun ńlá tó ń bá àwọn Mori jà, lẹ́nu odò Kizu l'Osaka, wọ́n sì na àwọn ọmọ ogun ẹ̀ bí ẹní máa kú. 1578 ni Kuki Yoshitaka tó kó ọkọ̀ ńláńlá wá gbẹ̀san fún Nobunaga.

Mùsíọ́mù Murakami wà nítòsí, ẹ kọ́kọ́ wọbẹ̀ ná kẹ́ ẹ tó wọkọ̀, ojú yín á là sí gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa rí lórí omi.